Àga Bàbá Mi àti Ohùn Tó Sọnù Níwájú Rẹ̀

Òórùn lẹ́ẹ̀dì gbígbóná tí wọ́n fi ń jó wáyà pọ̀ ló kọ́kọ́ máa ń padà sí mi nímú bí mo bá rántí ọdún tí mo pinnu láti tún sípíkà bàbá mi ṣe. Ìyá mi ti ṣaláìsí nígbà náà, ó ku èmi àti bàbá mi nínú ilé wa ní Ajégúnlẹ̀. Sípíkà méjì ọ̀hún dàgbà jù mí lọ. Tòkúnbọ̀ ni, bàbá mi rà á nígbà tí wọ́n ń ṣe akọ̀wé nílé ìkẹ́rùsí kan ní Warehouse Road, wọ́n sì gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí igun pálọ̀ kí ó lè dojú kọ àga wọn. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn ìrun Àsárì, kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń gbọ́. Ìyá mi ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ń lé orin fáwọn obìnrin ẹgbẹ́ àsálátù, àwọn yòókù ń gbè é pẹ̀lú pátẹ́wọ́. Kò sí ibòmíràn láyé tí a tún ti lè gbọ́ ohùn ìyá mi.

Sípíkà náà ti ń kùn nígbà yẹn, orin kò sì já gaara mọ́. Orí fóònù ni mo ti kà nípa àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ohùn dáadáa. Nínú àpótí sípíkà, ọ̀kan ńlá wà tó ń gbé bẹ́ẹ̀sì, kékeré kan sì wà lókè tó ń gbé ohùn tín-ín-rín. Ohun tó ń pín ohùn fún àwọn méjèèjì ni à ń pè ní kírọ́sófà. Wọ́n ní kí èèyàn yọ ti inú àpótí dànù, kí ó kọ́ tirẹ̀ síta, kí ó pín ohùn kó tó dé ọ̀dọ̀ ámpílífáyà, kí ńlá àti kékeré sì ní ámpílífáyà tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ka èyí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì rò pé mo ti di ọ̀gá. Mo sọ fún bàbá mi pé ṣe ni yóò dà bí ẹni pé ìyá mi jókòó tì wọ́n. Ẹnu mi ni mo fi ṣèlérí yẹn, kò sẹ́ni tó fipá mú mi.

Nígbà tí mo ṣí àpótí, mo rí i pé wáyà sípíkà kékeré wà sódì, pupa wà níbi tó yẹ kí dúdú wà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú àpótí kejì. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ta ló mọ irú oníṣẹ́ tó ti fọwọ́ kàn án lókè òkun. Mo tò ó, pupa sí pupa, dúdú sí dúdú. Inú mi dùn sí ara mi gan-an.

Lọ́jọ́ tí mo parí iṣẹ́, bàbá mi jókòó sórí àga wọn, èmi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Pátẹ́wọ́ dún ketekete. Bàbá mi sún síwájú.

"Ìyá ẹ dà?"

"Àwọn ló ń kọrin yẹn, Bàbá."

"Pátẹ́wọ́ ni mò ń gbọ́. Mi ò gbọ́ ìyá ẹ."

Èmi ń gbọ́ wọn níbi tí mo dúró sí, kedere. Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú. Mo tú kírọ́sófà, mo tún un kọ́. Mo pààrọ̀ èyí, mo pààrọ̀ tọ̀hún. Bí mo bá ti gbé kásẹ́ẹ̀tì sí i, èmi á gbọ́, bàbá mi kò ní gbọ́. Ẹ̀rù sì ń bà mí, nítorí kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kì í fẹ́ ìdánwò púpọ̀. Nígbà tí òye mi pin, mo wá ibi tí mo lè gbé ẹ̀bi kà. Mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́: "Bàbá, bóyá ká fi etí yín han dókítà."

Bàbá mi gbà mí gbọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù títí dòní. Wọ́n yọ kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi ìnuwọ́ wé e. Wọ́n kúrò ní ìlà iwájú ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n ní kí àwọn fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń gbọ́ lèmọ́mù.

Ìyá kan wà ní Amúkòkò tí wọ́n ń tún sípíkà ṣe, ọkọ wọn ló fi ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ fún wọn. Mo ro ẹjọ́ mi níbẹ̀. Ìbéèrè kan ni wọ́n bi mí: "Ìwọ tó ò ń gbọ́, níbo lò ń jókòó sí?" Mo ní mo máa ń dúró ni, ma, àga Bàbá ló dojú kọ ọ́. Ìyá náà ní àwọn máa wá wò ó fúnra àwọn. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú wọ́n wá sílé wa, wọ́n ní kí n lọ jókòó sórí àga náà.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò fìdí kan àga yẹn rí. Mo wo ojú bàbá mi. Bàbá ní, "Jókòó."

Mo jókòó. Pátẹ́wọ́ dé. Ìyá mi kò dé. Mo dìde lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ìyá mi dé. Mo padà jókòó, ìyá mi tún lọ. Wọ́n ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ òwe yẹn, n kò mọ̀ pé ó kan etí.

"Báwo ni wáyà sípíkà kékeré yẹn ṣe wà nígbà tó o kọ́kọ́ ṣí i?" ìyá náà bi mí.

"Wọ́n gbé e sódì, ma. Mo tò ó."

"Who send you? Kírọ́sófà ti kọ́kọ́ yí ohùn kékeré yẹn padà, ìdí tí wọ́n fi gbé wáyà ẹ̀ sódì nìyẹn. Ìwọ wá tò ó. Tí ńlá bá ń tì síta, tí kékeré ń fà sínú, ohùn tí wọ́n jọ ń gbé á pa ara ẹ̀. Iwájú gan-an ló ti máa ń kú jù. Ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ á ṣì máa gbọ́."

Ìyá náà gbé wáyà padà sódì, bàbá mi sì jókòó. Wọ́n gbọ́ ojú kìíní kásẹ́ẹ̀tì títí ó fi tán. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Àṣé kì í ṣe etí mi." Mo dọ̀bálẹ̀. Ojú tì mí.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Bàbá mi ti darúgbó, àga náà ṣì wà níbi tó wà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n ní àwọn kò gbọ́ ìyá mi dáadáa mọ́, wọ́n ní kí n wo wáyà. Mo wò ó, kò sí ohun tó ṣe é. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dìde, mo sì jókòó. Ohùn ìyá mi jáde kedere, bí ẹni tó wà nínú pálọ̀. Bàbá mi dúró tì mí, wọ́n ń wo ẹnu mi, wọ́n ń retí ohun tí mo máa sọ. Mo jókòó síbẹ̀ títí orin fi parí, mi ò mọ bí mo ṣe máa dìde.