Adẹ̀yìnmú Tí Ṣọ́ọ̀ṣì Ní Kó Lọ Síwájú

"Uncle Akíndúró, tí Pásítọ̀ bá gbàdúrà pé ká máa lọ síwájú, ṣé ẹ máa ń ṣe àmín?"

Ìdẹ̀ra ṣì kéré nígbà tó bi í. Odindi ìwàásù kan ló fi to ọ̀rọ̀ náà nínú ọkàn rẹ̀, torí ojú máa ń tì í, kò sì fẹ́ ṣì í sọ. Inú ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Woodbridge lókè òkun ni, níbi tí ariwo tírélà ti ń bá àwọn akọrin díje. Uncle Akíndúró wò ó, ó wo ìyá tirẹ̀ tó dúró nítòsí, ó fún Ìdẹ̀ra ní súwíìtì kan, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè náà kì í ṣe àfojúdi. Adẹ̀yìnmú ni Uncle Akíndúró nínú eré họ́kì. Bí ọ̀tá bá ń sáré bọ̀ lórí yìnyín láti wá gbá góòlù wọlé, òun a kọjú sí i, a máa fi ẹ̀yìn sáré, bí ẹni tí ajá ń lé tí kò fẹ́ kí ajá mọ̀ pé òun ń sá. Ó mọ̀ ọ́n ṣe débi pé kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ fún un ní ife adẹ̀yìnmú tó dára jù lọ. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Mummy Akíndúró, gbé ife náà wá síwájú pẹpẹ, ó ní ọmọ òun ti di iwájú. Kò tíì wo eré náà rí. Nọ́ọ̀sì ni, shift kì í jẹ́.

Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ kan tó ń sanwó mú Uncle Akíndúró fún ìdánwò. Eré kan ló kù kí kóòṣì pinnu bóyá yóò gbà á síṣẹ́. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bá kó sínú bọ́ọ̀sì, ó di pápá yìnyín.

"Ẹ gbà mí o! Ẹ̀yìn ló ń lọ!" Mummy Akíndúró fò dìde.

"Gíà ẹ̀ ló há sí reverse," Uncle Tósìn onítírélà dáhùn.

"Tósìn, má fọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́! Ẹ̀yìn kì í ṣe ìpín tiwa! Akíndúró! Iwájú-iwájú lọ̀pá èbìtì í ré sí!"

"Àmín!" ni gbogbo wọn ké. Òyìnbó kan tó jókòó níwájú wọn rò pé orin ẹgbẹ́ ni, òun náà ké àmín.

Ìdẹ̀ra rí i tí Uncle Akíndúró gbójú sókè wò wọ́n. Ọ̀mì ni eré náà, ó sì ti fẹ́ parí. Ló bá gba róbà dúdú tí wọ́n ń gbá, ó kọrí síwájú, ṣọ́ọ̀ṣì dìde. Ó gbá a, ó ba irin ẹnu góòlù. Ọ̀tá kan he é, ó gba àyè tí Uncle Akíndúró fi sílẹ̀ kọjá bí ẹni tó ń wọ pálọ̀ bàbá rẹ̀. Góòlù! Kóòṣì ò gbà á. Mummy Akíndúró ní iṣẹ́ àwọn ọ̀tá ilé ni, ó sì kéde ààwẹ̀.

Uncle Akíndúró gba Slovakia lọ, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ ìyá rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn sáré jẹun níbẹ̀ títí orúnkún fi kọṣẹ́. Ó ti padà dé báyìí, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní họ́kì ní pápá yìnyín Downsview.

Nígbà òtútù tó kọjá, Ìdẹ̀ra, tó ti fẹ́ jáde ní sẹ́kọ́ńdírì, lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn lórí yìnyín. Uncle Akíndúró ń bá a di okùn bàtà. Kò gbójú sókè.

"Ìbéèrè rẹ ìjọ́sí," ó ní. "Ẹnu lásán ni mo máa ń là, kí Mummy lè rí mi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ṣe àmín tọkàntọkàn. Ìwọ náà wà níbẹ̀, o rí ibi tí róbà yẹn gbà kọjá."