Zulaikha Kan Tó Ya Àsíá

Ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ìyá Israfil ló ń rán aṣọ iléèwé fún àwọn ọmọ wa. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí i sí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ló gbé e wá sí Ọ̀yọ́, ibẹ̀ ló sì wà nígbà tí ìjọba ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ya àsíá tí ìpínlẹ̀ yóò máa lò. Tirẹ̀ ni wọ́n mú. Wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n bá a ya fọ́tò, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Nígbà tó fẹ́ Mashood káfíńtà, àwọn ará ilé ọkọ ń pè é ní Ìyàwó títí ó fi bí Israfil. Ìyá Israfil làwa aládùúgbò bá nílẹ̀, a ò sì béèrè òmíràn.

Láìpẹ́ yìí, ó gbọ́ lórí rédíò pé ilé aṣòfin fẹ́ ṣe òfin tí yóò mọ rírì ẹni tó ya àsíá náà, kí àwọn ọmọ iléèwé lè máa kọ́ orúkọ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó ní, "Wọ́n á wá mi kàn."

Lóòótọ́ ni wọ́n wá. Òṣìṣẹ́ ilé aṣòfin méjì kọ́kọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, Hussein ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì júwe àdúgbò wa fún wọn. Nọ́ńbà tó fún wọn kò wọlé, torí pé kò síná, fóònù Ìyá Israfil ti kú. Òun fúnra rẹ̀ ti lọ ra òwú ní Ọjà Akẹ̀sán. Ìyá Precious, tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà wọn, ni wọ́n bá.

"Zulaikha Adégòkè?" ló ní. "Ó pẹ́ tí mo ti ń tajà níbí, mi ò gbọ́ Zulaikha rí."

Wọ́n dúpẹ́, wọ́n kọrí sí garéèjì. Kò pẹ́ tí Ìyá Israfil dé.

"O ò pàdé àwọn kan?" Ìyá Precious bi í. "Wọ́n ń wá Zulaikha kan tó ya àsíá. Ọ̀la nilé aṣòfin máa jókòó. Bí wọn ò bá rí i, 'akẹ́kọ̀ọ́ kan' ni wọ́n máa kọ sínú òfin. Mo ní kò sí níbí."

Ìyá Israfil gbé òwú sílẹ̀. "Ìyá Precious, èmi ni Zulaikha."

"Ìwọ kẹ̀? Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi."

Ọ̀kadà kan náà làwọn méjèèjì gùn dé garéèjì. Wọ́n bá àwọn òṣìṣẹ́ náà nínú bọ́ọ̀sì Ìbàdàn tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún.

"Zulaikha yín rèé," Ìyá Precious wí.

Olúyẹmí, tó jẹ́ ọ̀gá nínú àwọn òṣìṣẹ́ méjèèjì, wò ó. "Mà, ẹ̀yin lẹ ní kò sí níbẹ̀."

"Nígbà yẹn, kò tíì sí."

Olúyẹmí pe Hussein lórí fóònù. Hussein ní kí wọ́n bi obìnrin náà pé kí ló ṣe àsíá tó kọ́kọ́ yà.

"Bùọ̀dá, ẹ̀yin lẹ da ọbẹ̀ sí i," Ìyá Israfil dáhùn, "tí mo fi ní láti ya òmíràn."

Hussein bú sẹ́rìn-ín. "Òun ni. Kò jẹ́ kí n gbàgbé."

Olúyẹmí yọ bírò, ó kọ orúkọ náà sílẹ̀. Ìyá Israfil ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Ìyá Israfil kún un. Bí ọmọ iléèwé kan bá wá mi wá lọ́la, ta ni yóò júwe ilé mi fún un?"

Lọ́jọ́ kejì, a pé jọ sídìí rédíò. Wọ́n kà á bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: Zulaikha Adégòkè, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Ìyá Israfil. Ìyá Precious pín búrẹ́dì fún wa. Láti ọjọ́ náà, bí àlejò bá béèrè ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rẹ̀, kì í yára dáhùn mọ́. Á fún un níjòókòó, á sì lọ láti ilé dé ilé, á máa bi àwọn ìyálé ilé ní orúkọ àbísọ wọn.