Ọwọ́ Tí Kò Kan Etí

Ọjọ́ tí wọ́n sin Josiah Àlàní Ògúnlànà, tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní yunifásítì kó tó fẹ̀yìn tì, ìwé kékeré kan wà lọ́wọ́ gbogbo àlejò tó kún ìta ilé rẹ̀ ní Òjó. Àwòrán olóògbé wà níwájú ìwé náà, ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sì wà nínú. Oníkálukú ń ka tirẹ̀. Àìná, àkọ́bí olóògbé, fi ọwọ́ méjèèjì di tirẹ̀ mú, ó ń wo àwòrán, nítorí kò mọ ìwé í kà. Ọkùnrin tó fi ọgbọ̀n ọdún buwọ́ lu ìwé tí àwọn ọmọ ọlọ́mọ fi ń wọ yunifásítì, àkọ́bí rẹ̀ kò mọ A yàtọ̀ sí B. Ayé náà máa ń ṣe àwàdà, àwàdà rẹ̀ ni kò dùn.

Ọmọ́yẹlé, àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ lọ́yà, wá jókòó tì í.

"Ẹ jẹ́ n kà á fún yín, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní, 'Bàbá tó fẹ́ràn ẹbí rẹ̀ dénúdénú ni. Jálẹ̀ ọjọ́ ayé rẹ̀, kò ṣe ojúsàájú rí.'"

"Òótọ́ ni," Àìná dáhùn. "Wọn ò ṣe ojúsàájú."

Ọmọ́yẹlé rò pé ìyìn ni. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, kò lè mọ̀.

Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni. Ìwé ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tíṣà sì ni Àlàní nígbà náà, òun ni wọ́n ní kó máa kọ orúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀ ní Òjó. Ta ló mọ ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ láyé ìgbà yẹn? Ọwọ́ ni wọ́n fi ń wọn ọjọ́ orí. Ọmọ á na ọwọ́ ọ̀tún kọjá àtàrí, tí ìka rẹ̀ bá kan etí òsì, ó tó ilé ìwé lọ. Tí kò bá kàn án, kó padà sílé.

Àìná ti ń múra fún ọjọ́ náà tipẹ́. Lábẹ́ igi àgbọn ẹ̀yìn ilé wọn, ojoojúmọ́ ló ń na ọwọ́ kọjá orí, bàbá rẹ̀ á sì máa rẹ́rìn-ín, á ní, "Fà á díẹ̀ sí i, ìyá mi. Ó ti kù díẹ̀." Àwẹ̀ró ìyá rẹ̀ ti rán aṣọ ilé ìwé sílẹ̀ fún un. Kò sí ohun tí ọmọ náà fẹ́ láyé ju kó wọ aṣọ yẹn lọ.

Àwọn òbí mú ọmọ wá láti Ìbà, wọ́n mú ọmọ wá láti Okokomaiko. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, àyè ọmọ kan ṣoṣo ló kù. Àìná ló kàn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Ṣàkírù wà, ọmọ Àjàgbé apẹja. Láti àárọ̀ ni Àjàgbé ti ń pariwo létí gbogbo èèyàn pé àwọn ará ilé Tíṣà ni Tíṣà máa kó wọlé, pé ọmọ apẹja á máa wòran níta. Àlàní ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Gbogbo ọmọ ló ń tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kí ọwọ́ wọn lè tó etí, Tíṣà sì ń ṣe bí ẹni tí kò rí wọn. Àìná tẹ orí tirẹ̀ náà. Ìka rẹ̀ kan etí, ó mọ̀ ọ́n lára pé ó kàn án. Ni bàbá rẹ̀ bá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, ó gbé orí náà nàró.

"Mú orí ẹ dúró ṣánṣán."

Ìka ọmọ náà yọ̀ kúrò.

"Kò kàn án. Àìná Ògúnlànà, ó di àmọ́dún." Ó pè é bí ẹni tí kò mọ ìyá tó bí i.

Ṣàkírù bọ́ síwájú, ó tẹ orí títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èjìká. Tíṣà kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ ṣé o, Tíṣà," Àjàgbé wí. "Olóòótọ́ ni yín." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ Àlàní nínú. Ọ̀rọ̀ yẹn náà ló bà á jẹ́.

Nígbà tí wọ́n délé, Àwẹ̀ró bi í pé, "Bàbá Àìná, ṣé orí àwọn tó kù dúró ṣánṣán?"

"Ọdún kan péré ni. Kí ló máa ṣe é?"

Nígbà tó di oṣù kẹrin, ìyá Àlàní rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ ní Ijanikin. Ta ni kó lọ tọ́jú rẹ̀? Àwẹ̀ró ń fún ọmọ lọ́mú. Àwọn ọmọ ẹbí tó kù wà nílé ìwé. Àìná nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Wọ́n ní kó lọ, títí ìparí ọdún.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ń fi ṣíbí bọ́ arúgbó, ó ń fọ aṣọ tí ìyá àgbà tọ̀ sí. Ìyá náà kò kú, kò sì dìde. Nígbà tí ọdún tuntun dé, Àlàní gun kẹ̀kẹ́ wá, ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀, ó ní kí ọmọ náà ṣe sùúrù. Nígbà tó di 1957, ó rí iṣẹ́ sí yunifásítì n'Ìbàdàn, ó kó ìyàwó àti ọmọ kékeré lọ. Gbogbo Kérésì ló ń gbé aṣọ àti bàtà wá fún Àìná. Tó bá fẹ́ padà, á sunkún. Ó fẹ́ràn ọmọ náà, ẹ má ṣe ṣì mí gbọ́. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí nínú ìtàn yìí.

Ìyá àgbà kú lọ́dún 1959. Bí wọ́n ṣe da erùpẹ̀ bò ó tán, Àìná dúró síwájú bàbá rẹ̀, orí rẹ̀ nàró ṣánṣán, ó na ọwọ́ kọjá àtàrí. Ọwọ́ náà kọjá etí, ó kan ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Bàbá mi, ẹ wò ó."

Àlàní wò ó títí. "Wọn kì í gba ọmọ tó ti tó báyìí sí kíláàsì kìn-ín-ní mọ́. Òfin ni."

Ó fi í sọ́dọ̀ Àyọ̀ká aránṣọ ní Òjó. Aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ ọlọ́mọ ló kọ́kọ́ kọ́ láti rán.

Ní ọjọ́ ìsìnkú yìí, Ṣàkírù wà ní ìlà iwájú pẹ̀lú agbádá ńlá. Ó sunkún nígbà tó ń sọ̀rọ̀, ó ní bàbá yìí ló fi òun sílé ìwé, láìgba kọ́bọ̀. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe àwọn ọmọ wọlé láti wo bàbá wọn kí wọ́n tó dé pósí. Àwọn tó tẹ́ ẹ kò fi ìrọ̀rí síbi tó yẹ, orí rẹ̀ ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Ọmọ́yẹlé na ọwọ́ kó gbé e nàró. Àìná di ọwọ́ náà mú.

"Fi orí wọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ wọn mọ́."