Imú Tó Ń Yan Búrẹ́dì

Kí ni kí èèyàn ti ṣe ọ̀rọ̀ Ìyá Oníbúrẹ́dì sí? Látọjọ́ tó ti ń yan búrẹ́dì, kò wo aago rí. Imú ló fi ń mọ̀ ọ́n. Bó bá ti jinná, á ké sí àbúrò rẹ̀ obìnrin pé, "Kó wọn jáde!" Kì í sì í tàsé.

Àfìgbà tí imú ọ̀hún dí pa. Ìyẹ̀fun ń fò káàkiri ṣọ́ọ̀bù, ìyá ò ní fi aṣọ bo imú. Ó ní kí lòun á wá fi máa gbóòórùn? Orí ń fọ́ ọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dùn ún. Ó ra oògùn tí wọ́n ń kán símú, imú là. Họ́wù, ló bá di pé ó ń kán an láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, títí oṣù fi parí! Imú tún dí ju ti àkọ́kọ́ lọ, búrẹ́dì sì ń jó. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń ra èyí tó pọ̀ jù ní tó bá tún jó, àwọn á wá ẹlòmíì.

Àbúrò rẹ̀ wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà.

"Ẹ gbọ́, mà," ni dókítà wí. "Àwọn ihò kan wà nínú egungun ojú, níwájú orí àti lẹ́yìn ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ikun inú wọn ń gba ojú ọ̀nà tóóró bọ́ sínú imú. Ìyẹ̀fun ti mú kí ojú ọ̀nà yẹn wú, ikun ò ríbi gbà. Ìyẹn ló ń dùn yín. Oògùn tẹ́ ẹ ní ẹ̀ ń kán símú yẹn ńkọ́, ọjọ́ mélòó kan péré ni wọ́n ń lò ó. Tó bá ti pọ̀ jù, òun gan-an ló ń mú imú wú."

"Oògùn tó ń là á ló tún ń dí i? Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o!"

"Ẹ jù ú nù, mà. Ẹ fi omi iyọ̀ fọ imú, kó jẹ́ omi tí ẹ sè tó ti tutù. Kẹ́ ẹ sì máa bo imú. Aṣọ ò ní dí òórùn lọ́wọ́."

Ó jù ú nù lóòótọ́, ó ń fọ imú, ó ń fẹnu mí, ó ń bú dókítà. Àbúrò rẹ̀ gbé aago kọ́ sára ògiri. Ìyá bínú sí aago náà bí ẹni bínú sí orogún. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ìyá yìí!

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, búrẹ́dì ilé ẹ̀kọ́ wà nínú ààrò. Lójijì ni ìyá fò dìde.

"Kó wọn jáde! Ó fẹ́ jó!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, aago ní ó ṣì kù."

"Mo ní mo gbóòórùn ẹ̀!"

Wọ́n ṣí ààrò. Búrẹ́dì kan ti dúdú létí, ìyókù pọ́n dáadáa. Ìyá ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ wá lọ wo aago, ó rí i pé kò rìn mọ́, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló yọ bátìrì inú aago yìí?"

Ìyá mú bátìrì jáde látinú àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó fi lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì so aṣọ mọ́ imú.