Káńfọ̀ Inú Àpótí Ìyá Ọkọ Mi

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo bí ọmọ mi kejì. Mo ṣì ń rí àwọn ìyálọ́mọ tó ń ṣe ohun tí a ṣe nígbà náà, àyà mi sì máa ń já.

Inísà là ń gbé, mo ń ránṣọ. Ayé ológun ni, epo mọ́tò wọ́n bí ojú. Mo bí ọmọkùnrin wẹ́rẹ́, ó ké, ó mu ọmú. Ta ni kò ní dúpẹ́?

Ìyá ọkọ mi dé láti Òkukù láti wá wẹ ọmọ, wọ́n gbé àpótí kan dání. Aṣọ ìkókó ọkọ mi àti ti àwọn àbúrò rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Nínú ilé wọn, aṣọ ọmọ tó yè ni wọ́n máa ń wọ̀ fún ọmọ tuntun, kí òun náà lè yè. Káńfọ̀ ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, àwọn róbótó funfun tí kì í jẹ́ kí aáyán jẹ aṣọ. Àkọ́bí mi obìnrin wọ aṣọ wọ̀nyí, nǹkan kan kò ṣe é. Èmi gan-an fẹ́ràn òórùn rẹ̀. Òórùn ọmọ tuntun là ń pè é, àbí mo parọ́?

Kò pẹ́ tí ẹyinjú ọmọ fi di yẹ́lò. Ìyá ní ibà pọ́njú ni, kò le, ká máa gbé e sí oòrùn àárọ̀, ká fún un ní omi gúlúkóòsì. A ṣe é. Pásítọ̀ wa gbàdúrà sí i. Àfi bí pípọ́n náà ṣe ń sọ̀kalẹ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀. Nígbà tí kò gba ọmú mọ́, tó ń tẹ̀ sẹ́yìn bí ọrun, mo mọ̀ pé ọmọ mi ń lọ.

A wá mọ́tò títí. Ọlọ́kadà kan ló gbé wa dé ọsibítù ní Ìkìrun. Mo di ọmọ mọ́ àyà, mò ń pe Jésù, ọkọ mi ń bẹ ọlọ́kadà pé kó rọra, kó sì tún yára.

Nọ́ọ̀sì tó gbà á lọ́wọ́ mi gbóòórùn aṣọ rẹ̀, ó sì bọ́ ọ kíá. Ó ní ta ló fi káńfọ̀ sí i? Ó ní ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan kò gba òórùn yẹn, ṣe ló ń bà á jẹ́, ohun tó ń mú kí wọ́n pọ́n nìyẹn. Mo ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ̀ ọ́. Ó ní ẹ̀jẹ̀ wọn kò rí bákan náà, ká máa gbé e lọ sí Òṣogbo, wọ́n máa pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ìyá bá wa ní Òṣogbo. Wọ́n ti gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ní, “Ìyàwó mi, èmi ni mo wọ̀ ọ́ fún un. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó kú mọ́ mi lọ́wọ́.” Inú ń bí mi gan-an. Ṣùgbọ́n kí ọmọ mi lè yè náà ni wọ́n ṣe wọ̀ ọ́ fún un.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ bá wa lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ọkọ mi ní ká má jẹ̀ẹ́ kó kọjá. Mo tẹnu mọ́ ọmọ létí, mo pè é ní Ayọ̀délé. Ìyá náà rọra pè é tẹ̀lé mi.

Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì yè. Ó ti di géńdé, iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má fi káńfọ̀ sí aṣọ ìkókó. Bí ojú ọmọ bá pọ́n, ẹ má dúró de oòrùn, ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ. Ta ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí nínú yín? Ẹ sọ ọ́, kí ẹlòmíràn lè gbọ́. Èmi ń sọ tèmi nítorí pé àìsàn yẹn mú etí ọmọ mi lọ. Ayọ̀délé tí mo pè é lọ́jọ́ náà, kò tíì gbọ́ ọ rí títí dòní.