Kéèkì Àpápá Tí Mo Fẹ́ Mú Bọ̀ Fún Màmá Mi

Àkùkọ ò tíì kọ lẹ́ẹ̀kejì tí mo fi wọ lọ́rì ní Ṣàgámù. Màmá mi sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹun mọ́. Ṣùgbọ́n Bùọ̀dá Ràímì, ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù, ti ròyìn kéèkì kan ní Àpápá fún wọn títí, wọ́n wá ní, "Bá mi mú ẹyọ kan bọ̀. Ó ń wù mí í jẹ." Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn. Mo ṣáà pinnu pé n óò mú un dé.

Ajégúnlẹ̀ ni Bùọ̀dá ń gbé. Ẹrẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba bàtà lẹ́sẹ̀ mi kí a tó jáde níbẹ̀. Nígbà tí a dé GRA Àpápá, àdúgbò àwọn òyìnbó, títì ń dán, igi tò lọ rẹrẹ, gbogbo ibẹ̀ sì dákẹ́. Mo bi Bùọ̀dá bóyá àwọn ará ibẹ̀ ń ṣọ̀fọ̀ ni.

Káfè ni wọ́n ń pe ilé tí a lọ: wọ́n ń yan búrẹ́dì lẹ́yìn, èèyàn ń jókòó jẹ ẹ́ níwájú. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá jókòó jẹun sílé oníbúrẹ́dì, wọ́n á ní kò nílé. Jáàmù pupa wà láàárín kéèkì náà, àgbọn rírin bò ó lórí. Owó sísì kan ni wọ́n ń ta ẹyọ kan. Mẹ́ta péré ló kù. A rà á tán, wọ́n kó o sínú àwo kan fún wa.

Bùọ̀dá ti jẹ tiwọn tán. Mo ń jẹ tèmi lọ, ó ń yọ́ lẹ́nu, mo sì ń ṣọ́ ti Màmá, nígbà tí òyìnbó kan gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Nílé wa, a kì í jẹun kí á má pe ẹni tó ń kọjá. Mo fi gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tí mo gbọ́ ní kó wá bá wa jẹun. Ohun tí mo retí kò ju kó ní "á gba ibi ire" lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó fa àga, ó sì mú ti Màmá.

Mo yíjú sí Bùọ̀dá.

"Má wò mí o," ni wọ́n wí. "Òyìnbó ò mọ 'á gba ibi ire.' Tó o bá ti pè é, á jẹ ẹ́ ni. Àbí na me call am?"

"Bùọ̀dá, ti Màmá mà ni!"

"Ẹnu ta ló pè é? Ó yá, rẹ́rìn-ín jàre."

Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ìka. Obìnrin tó ń tà á ní ó di ọ̀la kí òmíràn tó jinná, n kò sì lè jẹ́ kí Màmá dá sùn nílé. Inú mi bàjẹ́ gidigidi.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo délé. Màmá wà níwájú ilé, wọ́n gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín síwájú. Mo ro ẹjọ́ mi títí dé orí ìka tí òyìnbó náà lá.

"O pè é, ó sì jókòó?"

"Ó jókòó, mà. Ó jẹ ẹ́ tán."

Wọ́n bó ewé ẹ̀kọ kan. "Òyìnbó yẹn mà dáa o. Láti ọjọ́ tí bàbá yín ti lọ, gbogbo ẹni tó ń kọjá níbí ni mo ń pè wá jẹun. Á gba ibi ire, á gba ibi ire. Kò sẹ́ni tó jókòó rí." Wọ́n ti ẹ̀kọ sí ọ̀dọ̀ mi. "Wá jẹun."

Mo ti la ẹnu kí n ní á gba ibi ire. Mo pa á dé, mo fọ ọwọ́, mo jókòó.