Lẹ́ǹsì Méjì Tí A Fi Wá Oṣù

Ọjọ́ tí mo ń sọ yìí, ó ti rẹ̀ mí kí oòrùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti wà ní pápá gọ́ọ̀fù kan ní Lakowe, tí mo ń ya fọ́tò fún ilé iṣẹ́ kan tó ṣe ìdíje fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Ààwẹ̀ wà lẹ́nu mi. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n Ramadan ni, ọjọ́ tí gbogbo wa máa ń wojú ọ̀run ní ìrọ̀lẹ́. Bí oṣù tuntun bá lé, ọ̀la di ọdún ìtúnu. Bí kò bá lé, a ó gba ọ̀kan sí i. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi níṣẹ́ lásìkò tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán jókòó sílé, ṣùgbọ́n èjìká mi kò bá mi dá sí ọpẹ́ náà.

Lẹ́ǹsì méjì ni mo gbé lọ. Òkèèrè ni mo ti máa ń ṣe iṣẹ́ tèmi: gọ́ọ̀fù, ẹyẹ inú àbàtà, ọkọ̀ ojú omi. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ lẹ́ǹsì gígùn tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni. Èyí àkọ́kọ́ ti pẹ́ lọ́wọ́ mi. Irin ni ara rẹ̀, ó wúwo bí ọmọ ọwọ́ tó sùn, kámẹ́rà àtijọ́ tó ní dígí nínú ló sì ń bá ṣiṣẹ́. Èkejì, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kó lọ sí òkè òkun ló ní kí n kọ́kọ́ gbé e lò, òun àti kámẹ́rà ìgbàlódé tó wà nídìí rẹ̀, kí n lè mọ̀ bóyá màá rà á. Àwọn méjèèjì dé ẹgbẹ̀ta mìlímítà, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ èwo ló ríran jìnnà jù.

Ní àárọ̀, ti àtijọ́ ni mo lò. Bí ọkùnrin kan ṣe gbé ọ̀pá gọ́ọ̀fù rẹ̀ sókè báyìí, mo tẹ kámẹ́rà, dígí inú rẹ̀ sì ró kàtà. Ọkùnrin náà sọ ọ̀pá kalẹ̀, ó yíjú, ó wò mí bí ẹni pé mo wúkọ́ sí i lójú. Mo tọrọ àforíjì. Mo gbé tuntun, èyí kò dún rárá. Fúnra rẹ̀ ló ń lé ojú èèyàn káàkiri, kò jẹ́ kó bọ́. Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n nítorí ebi, síbẹ̀ ohun kan wà nínú lẹ́ǹsì náà tó ń gba gbígbọ̀n yẹn mọ́ra, fọ́tò ń jáde geerege. Ti àtijọ́, bí mo bá nà án dé òpin, ṣe ni fọ́tò máa ń rí bí ìgbà tí èèyàn bá fi awò ojú ẹlòmíràn ríran. Ọ̀sán gangan nìkan ni wọ́n ti jọra. Ooru ń gbọ̀n lórí koríko nígbà yẹn, gbogbo ohun tó jìnnà ń mì bí ohun tó wà nísàlẹ̀ odò, kò sì sí èyí tó rí i yanjú nínú àwọn méjèèjì. Mo gbé wọn sílẹ̀, mo kírun Àyìlá lábẹ́ igi, mo sì jókòó sórí àpò ẹrù mi, n kò fẹ́ dìde mọ́.

Nígbà tí mo fi máa kírun Àlàásárì, mo ti pinnu pé tuntun ni màá rà. Àsìkò yẹn ni Áfáà pè mí.

Áfáà ló kọ́ mi ní kéwú ní Ajah, nígbà tí n kò tíì ju wàláà tí mo gbé dání lọ. Nígbà tí bàbá mi kú, tí wọ́n fẹ́ yọ mí kúrò nílé kéwú kí n lọ máa kiri ọjà, òun ló wá sílé wa tó sọ fún màmá mi pé kí n ṣì máa bọ̀. Gbogbo ohun tí mo dà, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Òun náà ló máa ń jẹ́rìí oṣù fún mọ́ṣáláṣí wa ní Igbó Ẹfọ̀n, láti ìgbà tí ọ̀nà ibẹ̀ ṣì jẹ́ iyanrìn. Bí a ṣe ń ṣe é ni pé ọkùnrin méjì á gun ibi gíga, wọ́n á wo ìwọ̀ oòrùn, bí wọ́n bá sì rí oṣù, wọ́n á búra fún Lèmọ́mù pé ojú àwọn ló rí i. Èmi tí mo jẹ́ obìnrin, ẹ̀rí tèmi kọ́ ni wọ́n ń wá níbẹ̀.

Àmọ́ ọdún tó ṣáájú èyí, Áfáà ti sọ pé òun rí oṣù, ó ti pe Lèmọ́mù lórí fóònù, kí ẹni kejì rẹ̀ tó rí i pé oṣù náà kò kúrò lójú kan. Iná orí kéréènì ni, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé gíga kan. Wọ́n sáré fagi lé ọ̀rọ̀ náà kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí kò gbàgbé. Bí ó bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Áfáà, ẹ bá wa kí kéréènì o." Òun náà á rẹ́rìn-ín, á máa lọ. Lọ́dún yìí, ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí sọ fún un pé kó lọ lẹ́ẹ̀kan sí i, pé bí kò bá tún rí i, àwọn á fi iṣẹ́ náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ohun tó tìtorí rẹ̀ pè mí nìyẹn. Ó ní òun gbọ́ pé mo ní ohun tó ń fa ọ̀nà jíjìn súnmọ́ni, ó ní kí n jọ̀wọ́, kí n gbé e wá.

N kò lè sọ fún un pé ó ti rẹ̀ mí.

Ilé alájà mẹ́ta kan ni wọ́n ń lò, ti ọ̀kan lára àwọn ará mọ́ṣáláṣí, tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ pẹlẹbẹ tí táǹkì omi wà lórí rẹ̀. Mo gbé lẹ́ǹsì méjèèjì àti ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gun àtẹ̀gùn náà. Áfáà wà níwájú mi, ó ń di ògiri mú, ó ń sinmi ní gbogbo ibi tí àtẹ̀gùn bá ti yí. Ẹni kejì rẹ̀ ti dé òkè ṣáájú wa. Òun ló ń wa bọ́ọ̀sì mọ́ṣáláṣí, ọkùnrin kan tí kì í dákẹ́. Ó wo ẹrù mi, ó ní ó dà bí ẹni pé a fẹ́ yìnbọn fún oṣù náà ni.

Oòrùn wọ̀. A fi dábínù àti omi ṣínu, wọ́n tẹ́ ẹní, a kírun Màgàríbì, èmi lẹ́yìn, àwọn méjèèjì níwájú. Lẹ́yìn náà ni a dojú kọ ìwọ̀ oòrùn. Ìkùukù tinrin wà lójú ọ̀run bí ẹ̀fúùfù eruku. Áfáà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. Ó wo ojú ọ̀run títí. Dírẹ́bà náà wò ó. Èmi náà wò ó. A kò rí nǹkan kan.

Mo gbé lẹ́ǹsì tuntun sórí ìdúró, mo nà án dé òpin, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ojú ọ̀run bí ẹni ń gbálẹ̀, láti ọ̀tún sí òsì, díẹ̀díẹ̀. Nǹkan kan kọjá nínú rẹ̀, mo dá a padà. Oṣù ni. Ó tinrin bí èékánná tí wọ́n gé dànù, ó dùbúlẹ̀ gbalaja. Mo tẹ kámẹ́rà kí n tó lè sọ̀rọ̀, kí ọwọ́ mi má bàa gbàgbé.

Dírẹ́bà wò ó lẹ́yìn mi, ó kígbe Allahu Akbar, ó ti ń wá fóònù. Mo gbé àpótí kan fún Áfáà láti jókòó lé, ó sì fi ojú sí ihò kámẹ́rà. Ó pẹ́ kó tó rí i. Nígbà tó rí i, gbogbo ara rẹ̀ rọ̀, bí ti ẹni tí wọ́n gba ẹrù lórí rẹ̀. Ó ń ka àdúà oṣù tuntun lábẹ́nu. Kò gbé ojú kúrò. Nígbà tó ṣe, ó bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ọmọ mi, ìmọ́lẹ̀ oṣù gan-an ló ń wọ ojú mi yìí, àbí kámẹ́rà ló ń yà á fún mi?"

Nínú gbogbo ohun tí mo fi wọ́n wéra láti àárọ̀, n kò ronú kan èyí. Mo mọ ohun tí ìdáhùn mi máa ná an. Mo sì mọ ẹni tó kọ́ mi pé n kò gbọdọ̀ purọ́.

"Kámẹ́rà ló ń yà á, sà. Bíi tẹlifíṣọ̀n kékeré ló wà nínú ihò yẹn."

Ó yọ ojú rẹ̀ kúrò.

Dírẹ́bà ní, "Áfáà, ẹ ti rí i. Oṣù náà nìyẹn, kì í ṣe kéréènì. Ta ló máa bi yín bóyá tẹlifíṣọ̀n ni?"

"Èmi ni wọ́n máa bi," ni Áfáà wí. "Wọ́n á ní ṣé ojú mi ló rí i. Kí ni kí n wí?"

Dírẹ́bà ní kí a kàn fi fọ́tò ránṣẹ́ sí Lèmọ́mù lórí fóònù, kí òun náà fi ojú ara rẹ̀ rí i. Áfáà mi orí. Ó ní bíbúra ni àwọn ń búra, àwọn kì í fi fọ́tò búra. Ó wá nawọ́ sí àpò mi, ó ní èyí tó wúwo ńkọ́, ṣé tẹlifíṣọ̀n wà nínú tiẹ̀ náà? Mo ní kò sí, gíláàsì àti dígí ni títí dé ojú yín. Ó fọwọ́ kan awò ojú rẹ̀. Ó ní ìyẹn dà bí awò ojú tí òun wọ̀, òun kò sì tíì gbọ́ pé wọ́n kọ ẹ̀rí ẹnì kan nítorí awò ojú.

Bí mo ṣe sáré tú tuntun kúrò lórí ìdúró nìyẹn. Ẹyọ irin kan ṣoṣo tó ń so wọ́n mọ́ ìdúró ni mo ní, skúrúù rẹ̀ sì le. Ìka mi ń yọ̀. Nígbà tí mo gbé ti àtijọ́ sókè, èjìká mi fẹ́ já. Inú ihò rẹ̀ ti ṣókùnkùn, lẹ́ǹsì náà ń lọ ó ń bọ̀, kò mọ ohun tí yóò dì mú, mo bá fi ọwọ́ yí i. Ìkùukù ti gòkè sí i. Mo wá ibi tí mo ti rí oṣù náà lẹ́ẹ̀kan. Fìrífìrí kan wà níbẹ̀ tí n kò lè sọ pé òun ni, tí n kò sì lè sọ pé òun kọ́. Dírẹ́bà wò ó, ó ní òkùnkùn lásán ni òun rí. Mo kúrò fún Áfáà.

Ó tẹjú mọ́ ihò náà. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí. Mo gbàdúrà nínú ọkàn mi, mo ní kí Ọlọ́run fi hàn án, kó má jẹ́ pé òótọ́ tí mo sọ ló máa gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Iná kan wà lápá òsì," ni ó wí. "Iná kéréènì ni ìyẹn, èmi àti ẹ̀ ti mọra." Ó tún wò. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó di èjìká mi mú. "Mi ò rí oṣù."

Òun fúnra rẹ̀ ló pe Lèmọ́mù. Ó ní àwọn kò fi ojú rí i, pé kí wọ́n máa retí ìkéde láti ibòmíràn. Ó ní lọ́dún tó ń bọ̀, kí wọ́n fi dírẹ́bà ṣe é, kí wọ́n sì wá ẹlòmíràn tí ojú rẹ̀ mọ́ kún un. Lèmọ́mù sọ̀rọ̀ díẹ̀, Áfáà ní kò sí nǹkan kan, ẹ ṣeun. Dírẹ́bà ti ń ká ẹní.

A sọ̀ kalẹ̀. Bí mo ṣe ń gbé lẹ́ǹsì méjèèjì sọ̀, mo mọ̀ pé tuntun náà ni màá ṣì rà. Èjìká mi kò ní gbà fún mi láti ṣe ohun mìíràn.

Inú bọ́ọ̀sì ni a wà tí rédíò fi kéde pé wọ́n ti rí oṣù láwọn ìlú kan lápá òkè, pé ọ̀la ni ọdún. Dírẹ́bà lu ìdarí ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Áfáà, mo ní kí ẹ jẹ́ kí n pè wọ́n. Ẹ̀yin lẹ bá kọ́kọ́ sọ ọ́."

"A kò purọ́, ọdún sì ti dé," ni Áfáà dá a lóhùn. "Kí lo tún ń wá?"

Ó fi orí ti àga fún ìgbà díẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́, mo lè rí i lọ́rùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sẹ́yìn sí mi, ó ní kí n gbé fọ́tò ọ̀hún wá kí òun wò ó.

Mo ní, "Áfáà, ẹ ní tẹlifíṣọ̀n ni."

"Ẹ̀rí ni mo ní mi ò fi jẹ́. Ta ló ní kí n má wo tẹlifíṣọ̀n?"

Mo tan kámẹ́rà, mo fà á tóbi fún un, mo sì gbé e lé e lọ́wọ́. Ó gbé e sórí itan rẹ̀, ó fi ọwọ́ ṣíji bo ojú kámẹ́rà kí iná ọ̀nà má bàa pa á. Ó ní ó mà tinrin o. Ó bi mí bóyá ó ṣeé fà tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo ní ó ṣeé ṣe, mo sì na ọwọ́ síwájú láti bá a fà á.